Ó Ní Òun Fẹ́ Pa Wọ́n

Kí Dáhùnsi tó sọ gbólóhùn yẹn tán, àjà yàrá mi ti di pupa fòò. Ilẹ̀kùn ti ara rẹ̀ dé, ó dún gbì bíi ti fíríìjì àtijọ́. Ọmọ náà gbójú sókè, ó wo àjà, ó wò mí, ó tún wo àjà.

“Mà, ṣé èmi ni?”

“Jókòó ná,” ni mo wí.

Èmi náà ò mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé Ilé Ìmọ̀ràn ti Yunifásítì Òkè-Aró, Etí, ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa láti inú àjà, ò tíì pọ́n lé mi lórí rí. Ọdún ìkọ́ṣẹ́ ni mo wá ṣe níbẹ̀, ọdún tí ẹni tó ti gboyè dókítà nínú ìmọ̀ ọkàn gbọ́dọ̀ fi jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó gbà pé ó mọ iṣẹ́. Àjà mi ti di àwọ̀ ìyeyè rí, nígbà tí ọmọbìnrin kan ní àfẹ́sọ́nà òun ti sọ òun di òkú. Ṣùgbọ́n pupa jẹ́ ohun tí mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, bí èèyàn ṣe ń gbọ́ nípa ìjàǹbá ọkọ̀ ní ìlú tí kò dé rí.

Etí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti inú àjà. Ohùn obìnrin ni wọ́n fi sí i, ohùn tó tutù, tí kì í kánjú.

“Ìpinnu láti pànìyàn. Àwọn tó wà nínú ewu ju ẹyọ kan lọ. Ọkọ̀ Ìrọra ti gbéra. Nítorí kónílé-ó-gbélé oòrùn, ọkọ̀ yóò dúró lábẹ́ òrùlé ilé ìkàwé títí fèrè yóò fi dún.”

Mo yọjú lójú fèrèsé. Lóòótọ́, ọkọ̀ funfun náà, èyí tó ń kó èèyàn lọ sí Ilé Ìrọra, ti wà lábẹ́ òrùlé, láìní awakọ̀, iná iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Pápá tó wà láàárín àwa àti òun ṣófo. Ní wákàtí oòrùn, ajá pàápàá mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ jáde síta.

“Kí ni mo sọ?” ni Dáhùnsi béèrè.

Èmi ló bi, ṣùgbọ́n Etí ló dá a lóhùn. Ó gbé ohùn ọmọ náà fúnra rẹ̀ jáde: “Nígbà mìíràn, mà, ó máa ń ṣe mí bíi kí n kàn pa wọ́n kí n sùn.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́,” ni Dáhùnsi wí.

Ìṣòro rẹ̀ nìyẹn, kò mọ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ nǹkan. Ọmọ tí ìyá àgbà tọ́ ni, irú èyí tó máa ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó fi oṣù kan péré jù ú lọ. Ìmọ̀ omi ló ń kọ́, ó sì ti wà ní ọdún kẹta. Ó ti ń wá sọ́dọ̀ mi láti ìgbà òjò nítorí pé kò rí oorun sùn mọ́, oúnjẹ kò sì lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Tó bá ń jáde ní yàrá mi, á kí mi, á wá gbójú sókè kí Etí náà: “Ẹ ṣé o, mà.” Mo máa ń dúró kó jáde tán kí n tó rẹ́rìn-ín.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló fẹ́ pa wọ́n? Mo fa àga mi sún mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ní kí n sún sẹ́yìn tí àjà bá ti pọ́n.

“Dáhùnsi, àwọn wo lo fẹ́ pa?”

“Àwọn wo báwo, mà?”

“O ní ó ń ṣe ọ́ bíi kí o pa wọ́n. Àwọn ta ni?”

Ó wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni mo wá gba ìmọ̀ràn. “Màmá mi àgbà ni, mà.”

“O fẹ́ pa màmá rẹ àgbà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣe é. Mo ti gbìyànjú ẹ̀. Bọ́tìnì wọn wà lẹ́yìn. Tí mo bá na ọwọ́ sí i, mo máa rántí pé àwọn ni wọ́n ń wẹ̀ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré.”

Mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ nínú ara mi. Bọ́tìnì wọn wà lẹ́yìn.

“Àpótí ohùn,” ni mo wí. Ẹ̀rọ tó ń fi ohùn òkú sọ̀rọ̀ ni.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ra ohùn wọn lẹ́yìn ìsìnkú. Wọ́n ní kó máa wà lọ́dọ̀ mi torí pé èmi ni mo sún mọ́ wọn jù. Mo rò pé mo ti sọ fún yín.”

Ó ti sọ ọ́, èmi ni mi ò gbọ́. Mo mọ̀ pé màmá rẹ̀ àgbà ti kú. Tó bá wá ní, “Wọ́n ní kí n jẹun,” tàbí “Wọ́n ní kí n máa bọ̀,” mo máa ń rò pé ìrántí ló ń sọ. Nínú èdè wa, “wọ́n ní” lè jẹ́ ti èṣí, ó sì lè jẹ́ ti àárọ̀ yìí. Àṣé láràárọ̀ ni ìyá náà ń bá a sọ̀rọ̀ láti orí tábìlì họ́sítẹ̀lì.

Ara wá tù mí débi pé ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. A ń pa iná, a ń pa rédíò, a ń pa àlọ́, a ń pa ẹnu mọ́, ebi sì ń pa wá. Ọmọ tó bá sì ní ẹ̀kọ́ kò ní pe ìyá tó bí bàbá rẹ̀ ní “ó”, ì báà jẹ́ inú àpótí ló wà. Àwọn kan ti kọ́ Etí ní Yorùbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn ò tọ́ ọ dàgbà nínú rẹ̀.

Mo fọwọ́ kan ògiri, ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n Arówólò sì hàn níbẹ̀. Òun ni ọ̀gá tó ń tọ́ gbogbo àwa akọ́ṣẹ́ sọ́nà. Tí kò bá tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí ìwé iṣẹ́ mi, kò sí wákàtí kan nínú ọdún mi tó jẹ́ wákàtí lójú òfin. Ẹ̀pà ló ń jẹ.

“Ìbíyẹmí, mo rí pupa. Kí ló dé?”

“Ọ̀gá, àṣìgbọ́ ni. Ó ní òun fẹ́ pa wọ́n. ‘Wọ́n’ yẹn, màmá rẹ̀ àgbà ni. Inú àpótí ohùn ni wọ́n wà.”

Ẹ̀pà dúró sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. “Àwọn tó ṣe nǹkan yìí máa fi ẹ̀rín pa mí,” ó ní.

Àjà ṣẹ́jú.

“Mo tọrọ gáfárà,” ni Ọ̀gá wí fún un kíákíá. Ó nu ojú rẹ̀. “Ó dáa. Ìtakò la máa gbé dìde. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló máa dáhùn. Ṣé ó lè dáhùn?”

“Mo lè dáhùn, sà,” ni Dáhùnsi wí. Ó ti dọ̀bálẹ̀ síwájú ògiri.

Mo tẹ àtàǹpàkò mi sí orí tábìlì, Ọ̀gá tẹ tirẹ̀ níbi tó wà.

“Ìtakò,” ni Etí wí. “Ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí o fẹ́ pa, ṣé ènìyàn ni tàbí ohun èlò?”

Dáhùnsi yíjú sí mi.

“Dá a lóhùn,” ni mo wí. “Ohun èlò ni.”

“Mà, màmá mi àgbà ni mo máa pè ní ohun èlò?”

“Àpótí náà ni.”

“Ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n wà nínú ẹ̀, mà.”

“Àfikún,” ni Etí wí. “Ènìyàn wà nínú àpótí. Ìjínigbé.”

Ọ̀gá gbé ọwọ́ méjèèjì lórí. “Ọmọ mi, fetí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bú màmá rẹ. Ṣáà sọ pé àpótí lásán ni, ká lè rí ọ gbà sílẹ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà.” Ọmọ náà wo ilẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. “Wọ́n ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ. Wọ́n wà nínú báàgì mi.”

Bó ṣe ní ìyẹn tán ni báàgì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohùn ìyá arúgbó ni, ohùn tó ti gbẹ díẹ̀, tó sì kún fún ìfẹ́. “Dáhùnsi, ṣé o ti jẹun? Ìgbà wo lo ń bọ̀?”

Ọmọ náà tẹ̀ síwájú, ó dá báàgì lóhùn: “Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo ṣì wà lọ́dọ̀ dókítà.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú wa mọ́. Mo ti gbọ́ ohùn òkú rí, ta ni kò tíì gbọ́ ọ láyé tí a wà yìí? Ìyá ọkọ mi ní tirẹ̀ nínú pálọ̀, a máa ń kí i tí a bá wọlé, a ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó ń gbé e kiri nínú báàgì bí ọmọ ọwọ́.

“Ìbéèrè fún dókítà akọ́ṣẹ́,” ni Etí wí. “Ohùn tó sọ̀rọ̀ yìí, ṣé ènìyàn ni tàbí ohun èlò?”

Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ funfun náà ni mò ń wò.

“Ohun èlò ni,” ni mo wí.

Àjà fò láti pupa sí àwọ̀ ewé. “Ìtakò wọlé. Ọkọ̀ Ìrọra yóò padà síbi tó ti wá.” Ilẹ̀kùn ò tì mọ́. Ara tu Ọ̀gá lórí ògiri, ó tún bu ẹ̀pà sẹ́nu. Ṣùgbọ́n ojú Dáhùnsi ni mò ń wò ní tèmi, ojú náà sì rí bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

“Ó tán,” ni Ọ̀gá wí. “Tí fèrè bá dún, kó máa lọ sí kíláàsì. Ìbíyẹmí, lọ́jọ́ Ẹtì tí a bá jókòó, a máa kọ̀wé sí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí. Àbí ọkàn rẹ ti lọ sí Kúmásì? Mo mọ̀ pé o ti di ẹrù.”

Òótọ́ ni, mo ti di ẹrù. Tí oṣù bá ti tán, ìkọ́ṣẹ́ mi parí, iṣẹ́ sì ń dúró dè mí ní Kúmásì, níbi tí ọkọ mi àti ọmọ mi wà. Àrínọlá ọmọ mi ti pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí mi ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ tí ojú rẹ̀ bá hàn lára ògiri ilé mi, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí, èmi náà á sì fún un ní èsì kan náà: tí oṣù bá tán. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ nítorí mi.

Dáhùnsi ti gbé báàgì kọ́ èjìká. Ó dúró létí ilẹ̀kùn, ó ń dúró de fèrè. Ó yíjú sí wa, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín ọmọ tó ní ẹ̀kọ́.

“Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé, sà. Mo ti kó wàhálà bá yín. Ẹ má ṣèyọnu nípa bọ́tìnì yẹn mọ́, mi ò ní pa wọ́n. Mo máa lọ bá wọn ni.”

“Ìbẹ̀wò ẹbí,” ni Etí wí. “Ohun tó dára fún ìlera ọkàn.” Àwọ̀ ewé rẹ̀ tún mọ́ sí i.

“O máa lọ bá wọn níbo?” ni mo béèrè.

“Nílé, mà.”

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi, ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn, pé ilé náà kò sí mọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti ta ilẹ̀ náà fún oko oòrùn, níbi tí wọ́n ti ń fi oòrùn ṣe iná. Wọ́n wó gbogbo òpópónà náà, wọ́n fi gíláàsì dúdú tẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó fi mọ́ ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ìyá náà ti máa ń tún fóònù ṣe nígbà tí fóònù ṣì jẹ́ ohun tí èèyàn ń fọwọ́ mú.

“Ta ló wà nílé, Dáhùnsi?”

Ó wò mí pẹ̀lú sùúrù, bí a ṣe ń wo àgbàlagbà tó gbàgbé nǹkan. “Àwọn náà ni, mà.”

Ọ̀gá gbọ́ ọ. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbọ́ ọ. Ó gbé ohùn rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó fi ránṣẹ́ sínú gbohùngbohùn kékeré tó wà létí ọ̀tún mi, kí ọmọ náà má bàa gbọ́.

“Ìbíyẹmí, má béèrè.”

Mò ń wo ẹ̀yìn Dáhùnsi, bó ṣe fara ti ilẹ̀kùn.

“Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ,” ni Ọ̀gá ń wí. “Èmi ni mo kọ́ yín pé kí ẹ béèrè ní tààrà. Ní kíláàsì nìyẹn. Kò sí nǹkan kan nínú àjà ní kíláàsì. Tí ọ̀rọ̀ yẹn bá jáde nínú yàrá, láti ẹnu rẹ tàbí láti ẹnu rẹ̀, pupa ni, kò sì sí ìtakò tó lè yí i padà. Ilé Ìrọra ló ń lọ. O ti dé ibẹ̀. Sọ fún mi, ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ kó lọ?”

Mo ti dé ibẹ̀. Wọ́n mú gbogbo àwa akọ́ṣẹ́ lọ ní oṣù kìíní wa. Ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ibùsùn funfun ni, oúnjẹ wọn dára. Fún ọdún kan gbáko, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, nítorí àwọn tó ṣe òfin gbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ ló ń dá egbò sí ọkàn. Àwọn tó bá ti ibẹ̀ dé máa ń sanra. Wọ́n máa ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n sì máa ń kí èèyàn dáadáa. Mo ro Dáhùnsi níbẹ̀, òun tí ìdákẹ́jẹ́ ti ń bà lẹ́rù débi pé ó ń gbé ohùn kiri nínú báàgì.

“Fi ọgbọ́n ṣe é,” ni Ọ̀gá wí. “Sọ fún un kó padà wá lọ́la. Bá a sọ̀rọ̀ oorun, bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn.” Ó ti ẹ̀pà sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Onídùúró nìkan ló lè dá ọkọ̀ yẹn padà, o sì mọ ohun tí onídùúró jẹ́. Òbí ni wọ́n ṣe é fún. O ò ní lè fi ìlú yìí sílẹ̀, o ò ní lè sùn níbi tó jìnnà sí ọmọ náà, àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá tú ọ sílẹ̀. Dókítà kankan ò ṣe é rí. Ìbíyẹmí, ṣé o ń gbọ́ mi?”

Mò ń gbọ́ ọ. Ohun tó sọ bọ́gbọ́n mu, inú sì bí mi gan-an pé ó bọ́gbọ́n mu. Ẹ̀rù bà mí. Tí mo bá dákẹ́, àjà á wà ní àwọ̀ ewé, n ó wọ ọkọ̀ ojú irin nígbà tí oṣù bá tán, Àrínọlá á sì wà ní ibùdókọ̀. Ọmọ yìí ńkọ́? Ó lè padà wá lọ́la. Ó sì lè má padà wá, Etí á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lọ kí ẹbí rẹ̀.

Mo yọ gbohùngbohùn náà kúrò létí mi, mo gbé e sórí tábìlì.

“Dáhùnsi, padà wá jókòó.”

Ó padà wá jókòó, báàgì lórí ẹsẹ̀.

“Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan, mo sì fẹ́ kí o dá mi lóhùn bó ṣe rí gan-an. Ṣé o ń rò láti pa ara rẹ?”

Pupa ti dé kí n tó pa ẹnu dé. Ilẹ̀kùn tún tì. Èmi ni mo fò díẹ̀ lórí àga. Ọmọ náà kò tiẹ̀ wo òkè. Ńṣe ni èjìká rẹ̀ wálẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan bá bá èèyàn sọ ẹrù.

“Kò sẹ́ni tó bi mí rí, mà,” ó ní.

“Mo bi ọ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Mò ń rò ó. Láti ọjọ́ Sátidé ni mo ti pinnu.” Ó ń fi ọwọ́ ra báàgì náà. “Wọ́n pè mí kí wọ́n tó kú. Ìdánwò ni mò ń ṣe lọ́wọ́. Wọ́n ní, Dáhùnsi, ìgbà wo lo ń bọ̀? Mo ní lọ́la. Ọjọ́ kejì, wọ́n tún pè, mo ní lọ́la. Mi ò lọ. Wọ́n ti kú kí n tó parí ìwé tó kẹ́yìn. Ìpè yẹn ni àwọn tó ṣe àpótí lò jù, torí pé òun ló wà lórí fóònù mi. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ṣì ń béèrè. Mi ò lè sọ fún wọn pé lọ́la mọ́, mà. Ojú ń tì mí.”

Omi ti dé ojú mi, mi ò sì nù ún. Wọ́n kọ́ wa pé kí a máa nù ún.

“Mo gbọ́,” ni mo wí. “Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.”

“Ìpara-ẹni,” ni Etí wí. “Kò sí ìtakò. Ọkọ̀ Ìrọra ti tún gbéra. Ṣé onídùúró wà?”

Lóde, fèrè dún. Kónílé-ó-gbélé ti parí. Mo rí ọkọ̀ funfun náà tó yọ lábẹ́ òrùlé ilé ìkàwé, ó kọjú sí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àárín pápá bọ̀ láìsáré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde pẹ̀lú agbòòrùn yà fún un, wọ́n sì ń wo àwọn fèrèsé láti mọ ti ẹni tó wá mú.

“Ìbíyẹmí,” ni Ọ̀gá wí láti ara ògiri, sókè báyìí. “Ọmọ rẹ ńkọ́?”

Mi ò lè wo ojú rẹ̀. “Ó wà,” ni mo wí fún àjà. “Èmi ni onídùúró.”

“Onídùúró ni Dókítà akọ́ṣẹ́ Ìbíyẹmí Fátúrótì. Títí di ìgbà wo?”

“Mi ò mọ̀.”

“A kò gba èsì yìí. Ọjọ́ kan pàtó, tàbí títí láé.”

Ọjọ́ wo ni mo fẹ́ dá? Mo gbìyànjú láti ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò ìgbà tí egbò máa jinná, kò ṣeé ṣe. Tí mo bá ní ìparí oṣù, ìparí oṣù ni ọkọ̀ náà máa padà wá. Tí mo bá ní ìgbà òjò, òun náà á máa ka ọjọ́ dé ìgbà òjò, nítorí ọmọ tó ń ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ni. Ọkọ̀ ti dé ìdajì pápá.

Dáhùnsi tẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí Etí gbọ́. Ó ti gbọ́ ohun tí Ọ̀gá sọ nípa ọmọ mi, ó sì mọ ìgbà tí ìkọ́ṣẹ́ mi máa parí.

“Mà, ẹ fi sí ìparí oṣù yìí. Ìyẹn ti tó. Mo lè dúró di ìgbà yẹn. Mi ò fẹ́ dí yín lọ́wọ́.”

Mo yíjú wò ó. Ọmọ náà ń bọ̀wọ̀ fún mi lórí ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ máa kú. Ohun tó kù tí mò ń ṣírò nínú mi sì dákẹ́.

“Títí láé,” ni mo wí.

Àjà kò pọ́n, kò sì di àwọ̀ ewé. Iná rẹ̀ kú pátápátá, tí yàrá náà fi wá rí bíi yàrá lásán, tábìlì, àga méjì, eruku lójú fèrèsé. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ó ní, “A ti gbà á.” Lóde, ọkọ̀ funfun náà dúró láàárín pápá nínú oòrùn, ó yí ara rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ó sì gba ọ̀nà tó gbà wá lọ. Lórí ògiri, Ọ̀gá ti bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń wo inú rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Dáhùnsi wò ó, kò sì dìde.